Ẹni tó kọ́ ọ̀ta

Nídìí ọpọ́n ayò, orúkọ méjì là ń pe èèyàn: ọ̀ta tàbí òpè. A kì í bèèrè ẹni tó kọ́ ọ̀ta. Bákan náà ló rí nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé yàtọ̀ sí àwọn tó ń ta á, ìwọ̀nba ló mọ Mark Dvoretsky, olùkọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ará Mọ́skò tó kú ní 2016. Lójú tèmi, iṣẹ́ rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀ta tí orúkọ wọn ń dún lọ. Ẹlòmíì á ní ṣebí kò gboyè Grandmaster ni, àfi bí ẹni tí títa sú ló sá lọ kọ́ni. Lóòótọ́, oyè International Master, tó wà nísàlẹ̀ Grandmaster, tó gbà ní 1975 ló mọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti gba ife-ẹ̀yẹ Mọ́skò ní 1973, ní 1975 kan náà ló sì jáwé olúborí nínú ìdíje onípele kejì ní Wijk aan Zee, ní Netherlands, tó fi máàkì kan àbọ̀ ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ. Ọ̀nà ò dí mọ́ ọn. Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ yà.

Àtakò tó nípọn ju ìyẹn lọ ni pé ìjọba Sófíẹ̀tì ló ń ṣa àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n ta, pé ẹnikẹ́ni ì bá kọ́ wọn, wọn ì bá yege. Mo gbà pé ìjọba ṣa wọ́n. Ṣùgbọ́n Chekhov gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ lágbàáyé ní 1975, Yusupov ní 1977, Dolmatov ní 1978, ọ̀dọ̀ Dvoretsky sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kẹ́kọ̀ọ́. Nílẹ̀ tí olùkọ́ ṣẹ́ẹ̀sì pọ̀ bí erùpẹ̀, ìyẹn kì í ṣe èèṣì. Inú káàdì ni àṣírí rẹ̀ wà. Ó ń kó ìbéèrè jọ sórí káàdì lọ́dọọdún, á wo ibi tí ọmọ kù sí kó tó fa èyí tó bá a mu yọ, bí oníṣègùn ṣe ń wo àìsàn kó tó já ewé. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè tí Réti, ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì, gbé kalẹ̀ ní 1921 ṣe àpẹẹrẹ. Ọba funfun wà ní kọ̀rọ̀; ọmọ ogun dúdú ń sáré lọ di ayaba, ọba ò sì lè bá a. Ọmọ ogun tirẹ̀ náà jìnnà sí i. Kí ọba má tọ ọ̀nà tààrà, kó gba ìdábùú: ẹsẹ̀ kan, iṣẹ́ méjì. Bí dúdú bá yà láti jẹ ọmọ ogun funfun, ọba á bá èyí tó ń sáré. Bí ìyẹn bá ń sáré lọ, ọba á dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, òun náà á sì di ayaba. Ọ̀mì ni. Ọmọ tí wọ́n bá sọ ìdáhùn yìí fún á gbàgbé. Èyí tó làágùn kó tó rí i ò ní gbàgbé láéláé.

Ìwé rẹ̀, Dvoretsky's Endgame Manual, tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 2003, le bí ojú ẹja, n kò ní purọ́. Àmọ́ aró búlúù ló fi tẹ ohun tó pọn dandan láti mọ̀ sórí, kí òǹkàwé má bàa rì. Yusupov náà wá di olùkọ́ ní Jámánì, ó ń kọ̀wé. Nígbà tí FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, fi àmì-ẹ̀yẹ Boleslavsky dá ìwé ìkọ́ni tó dára jù lọ́lá, òun ló ṣe ipò kìíní, Kasparov ṣe ìkejì, Dvoretsky tó kọ́ ọ ṣe ìkẹta.