Ọwọ́ Kan Kò Gbé Ẹrù Dórí

Ọ̀kan wà nínú àwọn jẹjẹrẹ awọ ara tí ó burú jọjọ. Melanoma ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé àrùn òyìnbó nìkan ni. Òótọ́ ni pé ó wọ́pọ̀ láàrin wọn jù wá lọ, ṣùgbọ́n kò yọ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bob Marley, olórin ará Jàmáíkà nì, ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 36 ni nígbà tí ó kú ní 1981.

Láyé ìgbà náà, bí àrùn yìí bá ti ràn dé inú ara, ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í lò tó ọdún kan mọ́. Kí ni ó wá yí padà? Àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ń bá àrùn jà. Wọ́n ní bíréèkì, kí wọ́n má baà dojú ìjà kọ ara fúnra rẹ̀. Bíréèkì yìí ni jẹjẹrẹ máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má lè rí i pa. James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Japan fi hàn pé a lè tú u, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Oògùn ipilimumab ń tú bíréèkì kan, nivolumab ń tú òmíràn.

Ṣé kí a lo ọ̀kan ni, tàbí kí a pa méjèèjì pọ̀? Ẹnu lásán kò lè dáhùn. Láti 2013 ni a ti kó aláìsàn 945 jọ, àwọn tí àrùn wọn ti kọjá ohun tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni a pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣa àwọn tí ara wọn le sí apá kan.

Èsì ọdún mẹ́wàá jáde ní 2024. Nínú 100 tí ó gba ipilimumab nìkan, nǹkan bí 19 ni ó ṣì wà láàyè. Ti nivolumab nìkan jẹ́ 37. Ti àwọn tí ó gba méjèèjì jẹ́ 43.

Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyókù. Nínú 100 tí ó gba méjèèjì, oògùn náà ṣe nǹkan bí 59 ní jàǹbá tí ó le. Ti nivolumab nìkan kò ju bí 23 lọ. Ọmọ ogun tí a tú sílẹ̀ lè kọjú sí ìfun, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ó ni ín. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le lè má yẹ arúgbó. Ẹni tí a bá fi ìtọ́jú yìí lọ̀, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè méjì: kí ni èrè rẹ̀ fún mi, kí sì ni ó lè gbà lọ́wọ́ mi?

Èyí tí ó sàn jù ni kí a tètè rí i, nígbà tí ọ̀bẹ dókítà ṣì lè gé e kúrò tán. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni ó sábà máa ń wà. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tí ń tóbi, ìlà dúdú tí ń fẹ̀ lábẹ́ èékánná, tàbí egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò jinná, ẹ má ṣe fi àgbo nìkan lé e. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lálẹ́ òní, kí tọkọtaya bá ara wọn wo àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ sì bá màmá àgbà wo tiwọn pẹ̀lú.