Ẹ PADÀ WÁ SỌ BÓ ṢE PARÍ

Pásítọ̀ náà máa ń jẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi lónìí.

Lálẹ́ Sátidé kan, jẹnẹrétọ̀ ìjọ wa ní Ìlaró ń dà wá láàmú. Tá a bá fà á, á jí, kò ní pẹ́ á tún kú. Mo kọ ọ́ sórí grúùpù WhatsApp wa: "Ẹ gbà mí o, ìsìn ìdúpẹ́ la ní lọ́la!" Ọ̀kan ní kí n yọ plug kí n nù ún. Ọ̀kan ní carburettor ló dọ̀tí. Ọ̀kan ní kí n wo ọ́ìlì. Mo wo ọ́ìlì, ó ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ló máa ń pa ara ẹ̀ tí ọ́ìlì bá kéré, kí ẹ́ńjìnì má bàa bàjẹ́. Mo rọ ọ́ìlì sí i, ó jí. Mo pa fóònù, mo lọ sùn.

Aago mẹ́fà àárọ̀, mo gbọ́ ọ̀kadà lẹ́nu géètì. Arákùnrin kan ni, láti Ọ̀wọdé. Ó so jẹnẹrétọ̀ ilé ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Kò rí èsì kankan lọ́dọ̀ mi, ló bá dìde ní ìdájí. Ó bá tiwa níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ geere. Ó ní, "Pásítọ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Haa! Mi ò lè wo ojú ẹ̀.

Mo sáré lọ kọ ọ́ sórí grúùpù: "Ògo ni fún Ọlọ́run, ó ti ń ṣiṣẹ́!" Mo rò pé mo ti ṣàtúnṣe. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, pásítọ̀ kan ní Ayétòrò pè mí, jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀ ń ṣe bíi tèmi gẹ́lẹ́. Ó ní, "Mo wá ọ̀rọ̀ yín ọjọ́sí lọ sókè. Mo rí ògo, mi ò rí ohun tẹ́ ẹ ṣe." Ó ti ra carburettor tuntun kó tó pè mí. Ọ́ìlì náà ni.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá gbé ìṣòro ẹ̀ wá síwájú èèyàn jẹ wọ́n ní gbèsè: kó padà wá sọ bó ṣe parí, kó sì sọ ohun tó yanjú ẹ̀. Ẹnì kan ṣì ń wá ọ̀nà àtiràn án lọ́wọ́. Ẹlòmíì ń bọ̀ lẹ́yìn tí yóò kan ìṣòro kan náà.

Ti jẹnẹrétọ̀ ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ti ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ wá ẹ̀jẹ̀ O negative fún ìyàwó ẹ̀. Ẹlẹ́jẹ̀ O negative kì í gba irú ẹ̀jẹ̀ mìíràn, a sì pín ọ̀rọ̀ náà káàkiri, kò ní déètì. Ìyàwó ò yè é. Títí di ọdún kejì, àwọn èèyàn ṣì ń pè é: "Ṣé ẹ ṣì ń wá ẹ̀jẹ̀?" Ó ní bí ìpè yẹn bá ti wọlé, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú u ní òfọ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ta ló máa rántí grúùpù nígbà tí òkú wà nílẹ̀? Àwa tá a bá a pín in ló yẹ ká bá a pa á dé. Ẹni tó sì ti pè lásán lẹ́ẹ̀mẹta lè má pè mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀mí ẹlòmíì wà lórí ìpè yẹn.

Ẹ lọ ka Lúùkù orí 17. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ké pe Jésù, ní ààlà Samáríà àti Gálílì. Àwa tá a mọ Ìdìròkò mọ ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò lẹ́nubodè. Gbogbo wọn rí ìwòsàn, ará Samáríà, àlejò yẹn, nìkan ló padà. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ò jalè, wọn ò purọ́, wọ́n kàn bá tiwọn lọ ni. Bíi tèmi tó lọ sùn. Ẹ tún wò ó: ohùn rara ló fi bẹ̀bẹ̀, ohùn rara náà ló fi dúpẹ́. Kò yọ́ wá sí inbox.

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ ọgbọ́n yìí. Lórí Stack Overflow, níbi tí wọ́n ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè láti 2008, ẹni tó béèrè lè fi àmì aláwọ̀ ewé sí ìdáhùn tó ràn án lọ́wọ́, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ ibi tó máa wò.

Ẹlòmíì á ní, "Pásítọ̀, mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó dáa. Àmọ́ ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti béèrè? Ibi tẹ́ ẹ ti béèrè ni kẹ́ ẹ padà sí. WhatsApp kì í jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ tó bá ti ju ìṣẹ́jú 15 lọ, torí náà ẹ dáhùn sábẹ́ èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. Lórí Facebook, ẹ ṣí i padà, kẹ́ ẹ kọ "Ó TI PARÍ" sí òkè ẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹni tó ràn yín lọ́wọ́. Bí kò bá sì yọrí sí rere, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìṣẹ́gun nìkan là ń sọ, ìparí là ń sọ.

Èmi ti lọ kọ tèmi kí n tó kọ èyí: "Ọ́ìlì ni o. Ẹni tó ní kí n wo ọ́ìlì, ẹ ṣé gan-an. Arákùnrin Ọ̀wọdé, ẹ dárí jì mí."

Èwo lẹ fi sílẹ̀ láìparí? Ẹ lọ pa á dé lónìí. Ṣálọ́ọ̀mù.