Ta Ló Kọ́ Kàtídírà Winchester?

Ìgbàkígbà tí àwa Yorùbá tó wà nílùú ọba bá ṣètò láti lọ wo kàtídírà, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ẹ wo ohun tí bíṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo kọ́!" Ẹ̀gbọ́n kan sọ ọ́ létí mi ní Winchester lóṣù tó kọjá. Àárín iṣẹ́ òru méjì ni mo wà, oorun ń kùn mí, n kò lè jiyàn. Mo ti sùn báyìí o. Ẹ jẹ́ ká jiyàn.

Bíṣọ́ọ̀bù Walkelin, tó bẹ̀rẹ̀ ilé náà ní 1079, kò gbé òkúta kan. Erékùṣù Isle of Wight ni wọ́n ti ń kó òkúta wá. Ní ti igi òrùlé, ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Ọba William ní kó gé ìwọ̀n igi tó bá lè gé láàárín ọjọ́ díẹ̀ nínú igbó Hempage, bíṣọ́ọ̀bù sì gé igbó náà tán pátápátá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé bíṣọ́ọ̀bù ló mú àáké ni?

Wọ́n á ní òun ló ṣáà náwó. Owó ta ni? Bíṣọ́ọ̀bù Winchester wà lára àwọn tó lówó jù ní England, látorí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń ro ni owó náà ti ń wá.

Ní 1107, ilé ìṣọ́ gíga àárín rẹ̀ wó lulẹ̀. Àwọn kan ní Ọba William Rufus tí wọ́n sin sábẹ́ rẹ̀ ló fà á, torí ìwà burúkú rẹ̀. (Bí tiwa gẹ́lẹ́: nǹkan bà jẹ́, a ti ń wá aṣebi.) Nígbà tó fi máa di òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, William of Wykeham ni wọ́n ń kan sáárá sí fún gbọ̀ngàn gígùn tí à ń gbà wọlé. Ọ̀gá agbẹ́kúta rẹ̀, William Wynford, ló ni ọgbọ́n ibẹ̀. Wọn kò wó gbogbo òpó àtijọ́ tó ki pọ̀pọ̀. Wọ́n gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn lára títí wọ́n fi rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí òkúta òkè fi ta jáde lórí wọn bí egungun ìhà.

Ṣùgbọ́n torí William Walker ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ ilé yẹn sí. Nígbà tó fi máa di 1905, ògiri ti lanu, ó ń tẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ihò sábẹ́ rẹ̀, omi á kún un. Bí wọ́n bá fa omi náà, ó lè kó ilẹ̀ mọ́ra kí ilé wó. Ni wọ́n bá wá amòòkùn. Láti 1906 títí di 1911, Walker ń wọ inú omi tó ṣú biribiri, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń to àpò kọnkéré síbẹ̀. Àpò náà lé ní 25,000. Tó bá ti dí ìsàlẹ̀ ihò, wọ́n á fa omi, àwọn bíríkìlà á wá mọ bíríkì lé e. Èmi tí mo ń wá iṣan aláìsàn láago mẹ́ta òru mọ ohun tí ìka lè rí.

Lóòótọ́, ọba dá a lọ́lá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣe ère rẹ̀ ní 1964, ojú Francis Fox, ẹnjiníà, ni wọ́n gbẹ́ sórí aṣọ amòòkùn! 2001 ni wọ́n tó gbé èyí tó jọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe ni. Àṣìṣe tó mọ ojú ọ̀gá dunjú.

Mo mọ irú àṣìṣe yẹn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a gba bàbá kan lọ́wọ́ ikú lóru. Dókítà tó sùn sílé ni wọ́n kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí. Ti òyìnbó ò tiẹ̀ dùn mí tó tiwa. Ẹ pè mí síbi ayẹyẹ, mo ní nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ ní: "Ìgbà wo lo máa wá di dókítà?"

Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá tún kó àwọn ọmọ lọ, ẹ fi Walkelin sílẹ̀ ná. Ẹ mú wọn dé yàrá abẹ́ ilẹ̀, omi ṣì máa ń kún ibẹ̀ nígbà òtútù. Kí ẹ bi wọ́n pé ta nínú wọn ló máa wọ irú omi bẹ́ẹ̀ fọ́dún márùn-ún.