Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Ọ̀rọ̀ Georgia ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe Georgia ti Amẹ́ríkà ni mo ń wí. Èyí tí ó wà lẹ́bàá Òkun Dúdú ni, tí ó ti wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì rí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1991 ni wọ́n kéde òmìnira. Ìlú yọ̀, wọ́n sì dìbò yan Zviad Gamsakhurdia. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pé ọdún kan tí ìbọn fi ń dún láàrin Tbilisi, olú-ìlú wọn, tí olórí sì sá lọ. Wọ́n ké sí Eduard Shevardnadze pé kí ó wá tún ilé ṣe. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ ní Abkhazia, tí ó lé bí 200,000 ènìyàn kúrò nílé wọn.

Ogun rọlẹ̀, ìyà kò tán. Owó oṣù ọlọ́pàá kò tó bọ́ ọmọ, ni ojú títì bá di oko rẹ̀. Awakọ̀ ń san owó lọ́nà, òbí ń fún ni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ọmọ tó wọ yunifásítì. Ọmọ tálákà tí orí rẹ̀ pé ńkọ́? Ìta ni ó ń dúró sí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, wọ́n ṣe èrú nínú ìbò. Àwọn ènìyàn fi òdòdó róòsì lọ́wọ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Shevardnadze sì fi ipò sílẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mikheil Saakashvili, ọmọ ọdún 36, gorí oyè ní 2004. Ní ọdún náà ni ó lé gbogbo ọlọ́pàá ojú pópó, nǹkan bí 16,000, tí ó gba àwọn tuntun, tí ó sì fi kún owó oṣù wọn. Ní 2005, ìdánwò kan náà ni gbogbo ọmọ ń ṣe kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Ọ̀nà là fún ọmọ tálákà.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ọlọ́pàá kò gba rìbá mọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ ń bẹ̀rù ìjọba. Ṣàṣà ni ẹni tí ilé ẹjọ́ ń dá láre, ẹ̀wọ̀n sì kún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, tẹlifíṣọ̀n fi hàn bí àwọn wọ́dà ti ń lu ẹlẹ́wọ̀n, tí wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Inú bí ìlú. Lóṣù kejì, ẹgbẹ́ Saakashvili fìdí rẹmi nínú ìbò. Ó gbà pé àwọn pàdánù, ìjọba sì ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láìsí ìbọn. Lẹ́yìn tí ó padà wálé ní 2021, òun náà wọ ẹ̀wọ̀n.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Lílé olè kúrò lójú ọ̀nà dára, ṣùgbọ́n kò tíì di ìlú. Ìgbà tí adájọ́ bá lè wí fún ọba pé, “Kábíyèsí, ẹ jẹ̀bi,” tí ó sì sùn nílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìgbà náà ni ìlú ní ìpìlẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.