Ta Ló Jẹ Owó Òtẹ́ẹ̀lì? Lẹ́tà Gbangba sí Mínísítà Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé Ìlú Ọba

Ìyáàfin Shabana Mahmood,

Ipò tí ẹ bọ́ sí ní September 2025 kì í jẹ́ kí oorun kun ojú ẹni tó bá wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni ìwé wà báyìí. Ẹ̀yin la ó bi.

Ọmọ Yorùbá ni mí. Ìlú ọba ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó orí mi kí owó oṣù tó dé ọwọ́ mi. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣì ni mo mú dání, àmọ́ òfin yín fún ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó bá ń gbé níbí lọ́nà tó bófin mu láyè láti dìbò yan aṣòfin. Mo ti dìbò rí, n ó sì tún dì í. Ẹ má wulẹ̀ rò pé àjèjì ló ń tọ́ka sí yín láti ìta. Ẹni tó ń dá nínú owó náà ni.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ni mo bá wá. Lọ́dún 2019, Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ẹ ń darí báyìí, gbé iṣẹ́ pípèsè ibùgbé fún àwọn tó ń wá ìsádi fún ilé-iṣẹ́ mẹ́ta: Serco, Mears àti Clearsprings. Ọdún mẹ́wàá ni àdéhùn náà, wọ́n sì fojú bu gbogbo owó rẹ̀ sí bílíọ̀nù 4.5 pọ́ùn. Ní May 2025, National Audit Office, àjọ tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò, ní ìṣirò ti di bílíọ̀nù 15.3. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Àjọ yìí kan náà ló sọ pé láàárín September 2019 sí August 2024, èrè tí ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ lórí iṣẹ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù 383 pọ́ùn. Ó tún fi kún un pé nínú oṣù méje àkọ́kọ́ ọdún ìṣúná 2024 sí 2025, bí a bá rí 100 ènìyàn tí ìjọba ń bá wá ilé, 35 péré ló wà ní òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n nínú 100 pọ́ùn tí ìjọba ná, 76 ló bá òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Bí ẹni tí kò mọ̀ bá gbọ́ iye yìí, yóò rò pé àwọn tó wà nínú òtẹ́ẹ̀lì ń jẹ ayé orí wọn ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Lọ́jọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ṣí gbọ̀ngàn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ìdílé tí wọ́n kó sí òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí. Wọn kì í bèèrè owó. Sítóòfù ni wọ́n ń bèèrè. Kò sí ibi ìdáná níbi tí wọ́n wà. Inú ike ni oúnjẹ wọn ń bá dé, tí wọ́n fi ọ̀rá bò lójú, ìrẹsì rẹ̀ á ti gan pa. Ìyá kan wà láti Eritrea tó wá se ọbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin rẹ̀ kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ, òtẹ́ẹ̀lì ló sì ti ń gbé láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń gé àlùbọ́sà tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ọmọ náà sáré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń bi í pé ta ló nà án. Kò rí i kó gé àlùbọ́sà rí.

Ẹni tí ìjọba bá ń bọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, pọ́ùn 9.95 ló ń wọ káàdì rẹ̀ lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn odi London, wíwọ bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan lè tó pọ́ùn mẹ́ta. Bí ó bá lọ rí lọ́yà rẹ̀ tó sì padà, ó ku 3.95 tí yóò fi ra ọṣẹ, tí yóò fi ra káàdì fóònù, tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òfin kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi pé ọdún kan, lẹ́yìn ọdún náà sì rèé, ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ẹ bá kọ sílẹ̀ nìkan ló lè ṣe. Àwọn ìwé ìròyìn kan á wá máa pè é ní ọ̀lẹ.

Àwọn àgbà wa ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ẹni tó pa òwe yẹn mọ ohun tí òun jẹ gbèsè lé lórí: ó pa adìẹ, ó ra ẹmu, àlejò jẹ, àlejò mu. Ní tiwa, gbèsè wà lọ́rùn ìlú, àlejò ò sì rí adìẹ. Ibo ni adìẹ wọlé sí?

Ẹ wo Northeye. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni, ní Bexhill, létíkun gúúsù. Lọ́dún 2022, àwọn kan rà á ní mílíọ̀nù 6.3 pọ́ùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Home Office ra ilẹ̀ yìí kan náà ní mílíọ̀nù 15.4. Asbestos tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ló wà káàkiri inú àwọn ilé náà, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún Home Office kó tó sanwó. Ìkánjú kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Títí di November 2024 tí National Audit Office gbé ìròyìn lórí rẹ̀ jáde, ẹnì kan ṣoṣo kò tíì sùn mọ́jú níbẹ̀. Ká ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ni, àwọn ìwé ìròyìn London ì bá ti mọ orúkọ tí wọn ó pè é. Ta ló tọwọ́ bọ ìwé rírà náà? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà?

Bàrékè Napier ní Folkestone ń kọ́? Àwọn onímọ̀ ìlera ìjọba fúnra wọn ti sọ ṣáájú pé kíkó èrò sùn pọ̀ nínú yàrá ńlá kan kò dára lásìkò Kòrónà. Home Office kó àwọn tó ń wá ìsádi síbẹ̀ náà, àrùn náà sì mú nǹkan bí 200 ènìyàn. Ní June 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga dá a pé ibùgbé náà kò bá òfin mu. Ọkọ̀ ojú omi Bibby Stockholm tẹ̀ lé e ní Portland. August 2023 ni wọ́n kó àwọn ẹni àkọ́kọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wọ́n fi kó wọn jáde nítorí kòkòrò Legionella nínú omi rẹ̀. Nígbà tó fi máa di March 2024, ìṣirò ti fi hàn pé àwọn ibùdó ńlá wọ̀nyí, tí wọ́n ní yóò dín ìnáwó kù, yóò gba mílíọ̀nù 46 pọ́ùn ju òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ní October 2025, ìjọba yín kéde pé ẹ fẹ́ kó 900 ọkùnrin lọ sí ibùdó ológun ní Crowborough àti ní Inverness. Mo bẹ̀ yín, kí lẹ rí ní Napier tó wù yín?

Mi ò ní pẹ́ lórí ètò kíkó àwọn tó ń wá ìsádi lọ sí Rwanda, nítorí ẹgbẹ́ yín ló fòpin sí i: mílíọ̀nù 700 pọ́ùn, ènìyàn mẹ́rin tó gbà láti lọ fúnra wọn.

Ti àwọn ọmọdé ni mi ò lè tètè fò kọjá. Láti 2021 di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, Home Office kó àwọn ọmọ tó ju 4,600 lọ, tí kò sí òbí tàbí ẹbí lọ́dọ̀ wọn, sí òtẹ́ẹ̀lì. Ní January 2023, mínísítà kan dìde nílé aṣòfin, ó ní ìgbà 440 ni wọ́n ti kéde pé ọmọ kan sọnù nínú wọn, wọn kò sì tíì rí 200 ọmọ. Ilé ẹjọ́ sọ ní July ọdún náà pé kíkó ọmọdé sí òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò bá òfin mu. Igba ọmọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá sọ ọmọ méjì péré nù ní ìrìn-àjò kíláàsì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní sun ilé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìdí tí òtẹ́ẹ̀lì fi kún kò fara sin. Ní June 2023, àwọn tó ń retí ìdáhùn àkọ́kọ́ lórí ẹ̀bẹ̀ wọn lé ní 175,000. Ẹ ti mú ti ìdáhùn àkọ́kọ́ yá díẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ga ju 50,000 lọ nígbà tó di 2025, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí adájọ́ ò bá sì gbọ́ wọn, owó òtẹ́ẹ̀lì ń pọ̀ sí i. Lóòótọ́, àwọn tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì ti dín kù láti 56,000 ní September 2023 sí nǹkan bí 36,000 ní September 2025. Ó yẹ ká sọ èyí náà.

Ìjọba kì í tètè bá àwọn ará àdúgbò tí òtẹ́ẹ̀lì wà sọ̀rọ̀. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì tó kó àwọn tó ń wá ìsádi bá dé ni wọ́n ń gbọ́. Inú á bí wọn, mi ò sì dá gbogbo wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n orí ta ni ìbínú náà ń já lé? Ní August 2024, àwọn jàǹdùkú gbìyànjú láti dáná sun òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí Rotherham, àwọn ènìyàn sì wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà àwọn tó pín èrè mílíọ̀nù 383 náà, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé níbi tí ìjọba kò bá ti jíyìn, ará ìlú á bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ṣírò owó.

Ní November 2025, ẹ gbé ètò tuntun jáde. Ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín bá gbà pé ó yẹ fún ààbò, ìwé oṣù 30 ni yóò máa gbà, yóò sì tó 20 ọdún kó tó lè ní ìwé ìgbélùú pátápátá. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà lẹ dábàá pé kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kẹ́à dúró fún ọdún 15 dípò márùn-ún. Ọmọ wa pọ̀ nínú wọn. Mo mọ èyí tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó tó débí, tó ń wẹ arúgbó yín lóru, tó ti ka ọdún márùn-ún sí orí ìka. Kò sí ìkankan nínú wọn tó bá Home Office ra Northeye.

Ẹ lè ní owó òtẹ́ẹ̀lì àti ètò tuntun yìí kò kan ara wọn. Ó kan ara wọn lójú àwa tó ń sanwó, torí apá kan ṣoṣo ni gbogbo ìnira ń bọ́ sí. Ìdáríjì wà fún ẹni tó ná bílíọ̀nù sóde. Ẹni tó ń gba 9.95 lọ́sẹ̀ kò rí nǹkan kan.

Ọdún 2029 ni àdéhùn àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta yìí máa parí, ẹgbẹ́ yín sì ti ṣèlérí pé òtẹ́ẹ̀lì yóò kásẹ̀ nílẹ̀ kí ìjọba yìí tó parí sáà. Ẹ ó tún kọ àdéhùn tuntun. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ tẹ iye tí a san lórí òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jáde kí gbogbo ayé kà á. Ó wà nínú àdéhùn pé èrè tó bá kọjá ìwọ̀n yẹ kó padà sápò ìjọba. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé rí i ní October 2025 pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́ùn wà níta tí a kò gbà. Ẹ sọ iye tó ti wọlé báyìí, ẹ sì sọ ẹni tó jókòó lé e láìbèèrè. Kí ẹ sì fún àwọn káńsù lówó kí wọ́n ra ilé, kí wọ́n tún un ṣe. Bí àwọn tó ń wá ìsádi bá kó jáde lọ́la, ilé náà ṣì jẹ́ tìlú, àwọn tó wà lórí ìwé ìdúró fún ilé káńsù á sì rí i gbé.

N ó kọ irú lẹ́tà yìí sí aṣòfin àdúgbò mi náà, n ó sì bi í bóyá òun ti rí àdéhùn tuntun náà kà kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń san owó orí