Oṣù Kan ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́-jáde ilé ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀sùn kan wà tí a máa ń gbọ́ lọ́dọọdún nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni bá dé sọ́dọ̀ wa láti kọ́ṣẹ́: pé wọ́n ń fi àwọn ọmọ yín kọ́ṣẹ́ bí onígbàjámọ̀ tuntun ṣe ń fi orí olórí kọ́ fífá. A kò ní sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ìpín tiwa nínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ NCE, sáà kan péré ni akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ń dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá ti dé, àwa àgbà olùkọ́ a di ẹrù tiwa lé wọn lórí, a ó sì jókòó sí yàrá olùkọ́. Olùyẹ̀wò a yọjú, a kọ máàkì, a bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní Faransé. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sì sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò lè tò lẹ́sẹẹsẹ. Ọmọ JSS 2 kan, tí ìyá rẹ̀ ń ná ọjà Kútọnu, kí i ní Faransé. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi dáhùn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé yàtọ̀ sí olùkọ́ òun, òun kò gbọ́ èdè náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Àìsí owó ni kò jẹ́ kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìnrìn-àjò. Ojú tì wá ju bí ó ti tì í lọ, nítorí kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó wà ní kíláàsì náà lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà kan rí, àwọn tí ń kọ́ Faransé ní yunifásítì wa a máa lọ gbé ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, agbára kò ká a mọ́, ni a bá dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrà, l'Ágbádárìgì. Iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣe. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kúrò níbẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, lè jẹun ọ̀sán ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Níbẹ̀, ọmọ Yorùbá bí àwa ni yóò kí i káàbọ̀, Faransé sì ni àwọn ọmọ ilé náà fi ń kàwé.

Àwọn kan ní ìgbà kúkúrú kò lè ṣe nǹkan kan. Ní 1826, a mú Àjàyí, ẹni tí ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, láti Sierra Leone lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò pé ọdún kan níbẹ̀. Ó padà ní 1827, ó wọ Fourah Bay, ó sì di olùkọ́.

Nítorí náà, nínú owó àjọ̀dún tí gbogbo ènìyàn fẹ́ fi kun ẹnu ọ̀nà ní ọ̀dà (ọ̀dà tí ó wà níbẹ̀ kò tíì ṣí), a ń bẹ̀bẹ̀ fún ìpín tí yóò rán akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ méjì lọ sí Àjàṣẹ́ fún oṣù kan, kí wọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kí wọn gbé inú ilé ẹbí, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Kí wọn jókòó ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, kí wọn sì máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lálaalẹ́. Bí wọ́n bá parí ẹ̀kọ́ tán tí wọ́n gba iṣẹ́ síbòmíràn, a kò ní bínú. Ọmọ ẹnìkan náà ni wọn yóò kọ́. Ní tiwa, olùkọ́ àgbà kan yóò jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kíláàsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa kí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ tó dé, iye ẹni tí ilé yín lè gbà.