Ọmọ ìjọ wa kì í ṣe láísẹ́ńsì

Ẹ̀yin ará mi ní Houston, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Oòrùn Texas ò mojú ẹnikẹ́ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó fẹ́ bá yín ṣe central AC bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fo permit, owó yín á dín kù," ẹ sá o!

Permit kì í ṣe owó ẹ̀gúnjẹ. Òun ló ń mú inspector wá yẹ iṣẹ́ wò: ṣé breaker bá ẹ̀rọ mu? Ṣé omi tó ń kán lókè àjà rí ọ̀nà jáde, àbí àjà ló máa já lé yín lórí? Ẹni tó ń sá fún inspector, kí ló ń fi pamọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa gba owó àti ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ fara dà á.

Ẹ béèrè nọ́ńbà láísẹ́ńsì rẹ̀, TACLA tàbí TACLB ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì TDLR, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má sanwó tán kí inspector tó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ilé, ẹni tó fẹ́ rà á lè béèrè ìwé. "Ọmọ ìjọ wa ló ṣe é" ò ní gbà yín lọ́jọ́ náà.